Kò sí aráàlú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó lólúwa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àtìlẹ́yìn èdè wa. Nínú ìtẹ̀jáde yín tó kẹ́yìn, ojú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn erékùṣù iyùn tí Faransé ń mójú tó ní àyíká Madagásíkà. Inú wa dùn pé ẹnì kan tilẹ̀ rántí wọn. Àmọ́ gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin níbí, kò lè gbé mì, pé ilẹ̀ tí kò ní olúwa ni wọ́n, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ọkọ̀ ojú omi lè lọ gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lóòótọ́ ni pé kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí ilé ìwé, kò sí ọmọ onílẹ̀. Síbẹ̀ olúwa ilẹ̀ náà wà, ó ń náwó lé e lórí, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń bá a du ú.

Márùn-ún ni wọ́n. Îles Éparses ni Faransé ń pè wọ́n, ìyẹn àwọn erékùṣù tó fọ́n káàkiri. Glorieuses wà ní ẹnu ọ̀nà àríwá ojú omi tó ya Madagásíkà kúrò lára Mozambique. Juan de Nova, Bassas da India àti Europa tò sínú ojú omi náà láti àríwá sí gúúsù. Tromelin nìkan ló dá wà lápá ìlà oòrùn Madagásíkà. Bí a bá kó ilẹ̀ márààrún jọ, kò tó kìlómítà onígun mẹ́rin 45, Europa nìkan ló sì kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Tromelin gùn tó nǹkan bí 1,700 mítà, ó fẹ̀ tó 700, ibi tó ga jù lórí rẹ̀ kò ju mítà méje lọ. Ẹni tó bá ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí yanrìn yóò yí i ká kí wákàtí méjì tó pé. Ní ti Bassas da India, a ò mọ ìdí tí ẹ fi kùn ún ní àwọ̀ ewé lórí máàpù yín. Òrùka iyùn ni, tó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá láti etí kan sí èkejì. Bí òkun bá kún, ìwọ̀nba òkúta díẹ̀ ló ń yọrí. Koríko kan kò hù níbẹ̀.

Ẹ tún kọ ọ́ pé iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn náà ló kọ́ àwọn erékùṣù wọ̀nyí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni, orúkọ ló ń tan èèyàn jẹ. Iyùn pupa tí wọ́n ń gbẹ́ ní ìlẹ̀kẹ̀, inú òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá jù lọ. Inú òkùnkùn, lábẹ́ àpáta, ló ń gbé, kì í sì í kọ́ erékùṣù. Èyí tó ń kọ́ erékùṣù jẹ́ ẹbí rẹ̀ mìíràn: ẹranko kéékèèké tí ewéko tí ojú lásán ò lè rí ń gbé inú ara wọn, tí ewéko náà sì ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ fún wọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe nílò omi tó mọ́ gaara, tó níyọ̀ dáadáa, tí kò tutù ju ìwọ̀n 18 lọ ní Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì (°C), tí kò sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn ò ní dé ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi sí irú rẹ̀ níwájú Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ouidah. Yanrìn etíkun wa kì í jókòó síbì kan, odò Ouémé ń kó ẹrẹ̀ gba inú ọ̀sà bọ́ sókun, omi tútù sì máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ lágbègbè wa láàrin oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án.

Báwo wá ni àpáta iyùn ṣe dé àárín agbami? Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló dáhùn lọ́dún 1842. Òkè oníná ló kọ́kọ́ yọ láti ìsàlẹ̀ òkun. Iyùn yí etí rẹ̀ ká. Òkè náà ń rì díẹ̀díẹ̀, iyùn sì ń gòkè lórí egungun àwọn tó ti kú ṣáájú rẹ̀, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ rí oòrùn. Nígbà tí òkè bá rì tán, òrùka nìkan ló kù pẹ̀lú ọ̀sà láàrin rẹ̀. Ọ̀sà yẹn kì í ṣe irú ti Àjàṣẹ́ o, kò sí odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ní 1952 wọ́n gbẹ́ ihò sí Enewetak ní òkun Pàsífíìkì, ó lé ní 1,200 mítà iyùn tí wọ́n gbẹ́ kọjá kí wọ́n tó kan òkúta òkè oníná lábẹ́. Bàbá náà ò purọ́.

Ohun tí kì í jẹ́ kí èèyàn lè gbé orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni omi mímu. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kì í dúró lórí ilẹ̀. Òkúta tó kún fún ihò ló ń gbé e mì. Omi òjò fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ, nítorí náà ńṣe ló ń léfòó lórí omi òkun tó wà nínú ilẹ̀, bí epo ṣe ń léfòó lójú ọbẹ̀. Bí omi dídùn náà bá fi mítà kan ga ju ojú òkun lọ, nǹkan bí 40 mítà rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Lórí erékùṣù kékeré, gíga yẹn kì í ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wá gbé ẹ̀rọ fa omi títí ojú rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, nǹkan bí mítà mẹ́rin ni iyọ̀ yóò fi gòkè wá pàdé rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kànga tó jìn ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, tó bá sì ti bàjẹ́, ó lè gba ọ̀pọ̀ àkókò òjò kó tó padà bọ̀ sípò. Kànga tí kò jìn, tí wọ́n ń pọn díẹ̀díẹ̀, ló ń pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìṣàkóso ló wá kù, ibẹ̀ gan-an sì ni ìwé yín ti fò kọjá. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1960, Faransé ṣe òfin kan tó yọ àwọn erékùṣù wọ̀nyí kúrò lára Madagásíkà, tó sì fi wọ́n sábẹ́ mínísítà tirẹ̀. Madagásíkà gba òmìnira ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà. Kò pé oṣù mẹ́ta sí ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dahomey, tó di Benin lónìí, nígbà tó gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 1960, ẹ wo ó: ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé ló kọ́kọ́ gé igun kan ilẹ̀ náà pamọ́. Préfet La Réunion, ìyẹn aṣojú ìjọba Faransé ní erékùṣù náà, ló ń mójú tó wọn títí di oṣù kìíní 2005. Lẹ́yìn náà ni òfin ọjọ́ 21 oṣù kejì 2007 sọ wọ́n di ẹ̀ka karùn-ún nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TAAF, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Faransé ní gúúsù jíjìnnà àti Antarctica, pa pọ̀ mọ́ Kerguelen, Crozet, Saint-Paul àti Amsterdam, pẹ̀lú Terre Adélie tó jẹ́ yìnyín gbáà. Saint-Pierre ní La Réunion ni ọ́fíìsì wọn wà. Préfet ni olórí wọn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, préfet Ouémé tàbí ti Plateau ní àwọn mẹ́ẹ̀rì lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti inú ìgbìmọ̀ tí àwọn èèyàn dìbò yàn wá. Préfet TAAF ò ní kọ̀múùnù kan, kò sí ìdìbò, kò sí aráàlú kan ṣoṣo tó lè wá fẹjọ́ sùn ún. Síbẹ̀ ó ń fọwọ́ sí ìwé. Láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀ kò sẹ́ni tó lè gúnlẹ̀, ọkọ̀ tó fẹ́ pẹja nínú omi náà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ó tilẹ̀ ń tẹ sítáǹbù lẹ́tà tí àwọn tó ń kó sítáǹbù jọ máa ń du.

Lórí Europa, Juan de Nova àti Glorieuses, sójà bíi 14 ló ń wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọlọ́pàá gendarme kan. Nǹkan bí ọjọ́ 45 ni wọ́n ń lò kí àwọn mìíràn tó wá gba ipò wọn. Má wo ọlọ́pàá kan yẹn bí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan. Òun ló lágbára láti kọ ẹ̀sùn sílẹ̀ lábẹ́ òfin bí ọkọ̀ bá jí ẹja kó, sójà lásán ò lè ṣe é. Tromelin kò ní sójà, òṣìṣẹ́ TAAF díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ wíwo ojú ọjọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1954, nítorí pé ìjì líle tó ń lọ kọlu La Réunion, Maurice tàbí Madagásíkà sábà máa ń gba ìtòsí rẹ̀ kọjá. Ní Bassas da India, ọkọ̀ ológun tó ń kọjá nìkan ló ń bẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ibi tí èèyàn fẹ́ dúró sí.

Kí ló wá dé tí wọ́n ń ṣe gbogbo wàhálà yìí lórí ilẹ̀ tí kò tó nǹkan? Ìdáhùn wà nínú omi. Lábẹ́ òfin òkun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1982, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994, orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ sí ẹja àti ohun ilẹ̀ abẹ́ omi títí dé máìlì òkun 200 sí etí ilẹ̀ rẹ̀, ìyẹn kìlómítà 370. Ẹ fi ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì lé òkúta kan ṣoṣo tó dá wà, kí ẹ yí i: nǹkan bí 431,000 km² ni. Benin lódindi kò tó 115,000. Àmọ́ aládùúgbò kì í jẹ́ kí òbìrí náà pé, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ fa ààlà sáàrin. Juan de Nova sún mọ́ etíkun Madagásíkà tó nǹkan bí kìlómítà 150, ìdí nìyí tí omi tí Faransé ń kà sí tirẹ̀ níbẹ̀ fi jẹ́ 61,050 km² péré, nígbà tí ti Tromelin tó dá wà jẹ́ 280,000. Ti márààrún lé ní 640,000 km², ó ju ìlọ́po márùn-ún Benin lọ.

Níbí ni àríyànjiyàn gidi wà, ìyẹn sì ni ìbá dára kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kà. Abala 121 òfin náà sọ pé erékùṣù ni ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá, tí omi yí ká, tí kò rì nígbà tí òkun bá kún. Èyí tí èèyàn da yanrìn sí láti fi ṣe ilẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Ìpínrọ̀ kẹta abala náà wá fi kún un pé òkúta tí kò lè gbé èèyàn, tí kò sì lè dá ọrọ̀ ajé tirẹ̀ ní, kò ní ẹ̀tọ́ sí máìlì 200. Máìlì 12 nìkan ni tirẹ̀, nǹkan bí 1,550 km². Ní ọjọ́ 12 oṣù keje 2016, nínú ẹjọ́ Philippines àti Ṣáínà, àwọn adájọ́ túmọ̀ ìpínrọ̀ yẹn lọ́nà tó le koko: sójà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún láti òkèèrè kò sọ òkúta di ibùgbé. Ẹjọ́ yẹn kò de Faransé, nítorí pé kì í ṣe ara àwọn tó lọ sílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ojú tiwa ni pé ohun tí Faransé ń béèrè ní àyíká Bassas da India, 123,700 km² fún òkúta tó ń yọrí nínú ìgbì, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọn jù nínú gbogbo rẹ̀. Europa tó ní igbó ẹ̀gbà àti ilẹ̀ gbígbẹ tó fẹ̀ lè rí nǹkan wí.

Madagásíkà ń béèrè mẹ́rin tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Àpéjọ gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ti sọ fún Faransé ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1979, nínú ìpinnu 34/91, pé kó jókòó bá a sọ̀rọ̀. Kòmórò náà ń nawọ́ sí Glorieuses. Maurice ń béèrè Tromelin. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé ní 2010 pé àwọn yóò jọ máa mójú tó o, àwọn aṣòfin Faransé ò fọwọ́ sí i. Ní 2019 Faransé àti Madagásíkà gbà láti dá ìgbìmọ̀ àjọṣe sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Macron fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ Glorieuses, ó sì sọ pé Faransé nìyí. Ẹ fojú inú wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dún létí àwọn ará Antananarivo.

Ẹ fi Lété ṣe àpẹẹrẹ, ẹ ní bákan náà ni. Rárá. Inú odò Náíjà ni Lété wà, darandaran ń gbé ibẹ̀, ibi tí omi ti jìn jù lódò sì ni ilé ẹjọ́ àgbáyé fi ṣe ààlà láàrin Benin àti Niger ní ọdún 2005. Nínú erékùṣù 25 tó wà nínú odò náà, 16 bọ́ sọ́wọ́ Niger, Lété wà lára wọn. Mẹ́sàn-án kù fún wa. Kò sí máìlì 200 nínú odò. Bí ẹ bá ń wá àpẹẹrẹ nílé, ilé olódi Potogí ní Ouidah ló sún mọ́ ọn: ilẹ̀ bíńtín tí Lisbon ń pè ní tirẹ̀ láàrin ìlú ẹlòmíràn, títí Dahomey fi gbà á ní 1961.

Ẹ kọ ọ́ pé kò sí iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe lórí erékùṣù tó ṣófo. Ẹ bi àwọn tó ń lé èkúté. Inú ọkọ̀ ni èkúté ti bọ́ síbẹ̀. Ẹyẹ òkun ń yé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò mọ ọ̀tá tó ń fẹsẹ̀ mẹ́rin rìn, èkúté a jẹ ẹyin, a sì jẹ ọmọ. Oògùn tó ń jẹ́ brodifacoum ni wọ́n sábà máa ń lò, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kì í pa èkúté lójú ẹsẹ̀, ìyẹn gan-an sì ni àǹfààní rẹ̀, nítorí pé bí ọ̀kan bá jẹ tó sì kú lọ́gán, àwọn yòókù ò ní fẹnu kàn án mọ́. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n ń dà á, nígbà tí oúnjẹ bá ti wọ́n. Ọkọ̀ bàlúù hẹlikópítà ló ń fọ́n ọn ní ìlà ìlà, tí ìlà kan ń gun èkejì lórí kí àlàfo má baà wà. Wọ́n á tún un dà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, torí ọmọ èkúté tó wà nínú ihò nígbà àkọ́kọ́. Bí aboyún kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù, owó ti ṣòfò.

Àwọn tó ti ṣe é ní ilẹ̀ òtútù máa ń rò pé ti ilẹ̀ olóoru yóò rọrùn. Akàn ló ń já wọn kulẹ̀. Akàn ilẹ̀ ń jẹ oògùn náà bí ẹni ń jẹ gàrí, kò sì pa á, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe irú ti èkúté. Ó jẹ ìpín èkúté tán. Ní Palmyra, erékùṣù iyùn Amẹ́ríkà kan ní Pàsífíìkì, ìgbìyànjú àkọ́kọ́ forí ṣánpọ́n: akàn kó oògùn jẹ, èkúté sì wà lókè igi àgbọn níbi tí oògùn ò dé. Ní 2011 wọ́n padà wá pẹ̀lú oògùn tó pọ̀ sí i, wọ́n sì rí i dájú pé ó dé orí igi. Èyí ṣe é. Tromelin kéré, ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, èkúté ti tán níbẹ̀ láti 2005. Ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣọ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó kéde pé ó ti tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ tú ẹrù rẹ̀ yẹ̀ wò, kó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, kó yọ irúgbìn kúrò létí sòkòtò. Èyí kàn ẹja pàápàá. Ìgbẹ́ ẹyẹ ni ajílẹ̀ tó ń ṣàn lọ bá iyùn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 ní àwọn erékùṣù Chagos, nínú òkun Íńdíà, rí i pé ẹja tó wà lára àpáta iyùn níbi tí kò sí èkúté fi nǹkan bí ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún wúwo ju ti ibi tí èkúté wà lọ.

Chagos yẹn mú wa dé ọ̀rọ̀ tó dùn wá jù. Ẹ kọ ọ́ pé "kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ rí." Kí ẹ tó kọ bẹ́ẹ̀ nípa erékùṣù kankan, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Láàrin 1968 sí 1973, Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo ará Chagos kúrò nílé wọn. Lónìí, lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn erékùṣù náà, igbó ló bo ilé wọn. Tromelin ńkọ́? Ọkọ̀ L'Utile fọ́ síbẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù keje 1761, pẹ̀lú ẹrú láti Madagásíkà tí wọ́n tì mọ́ inú rẹ̀. Àwọn atukọ̀ fi igi tó ṣẹ́ kù kan ọkọ̀ mìíràn, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn ń padà bọ̀ wá gbé nǹkan bí 60 èèyàn tí wọ́n fi sílẹ̀. Ọdún 15 kọjá. Nígbà tí Tromelin, ọ̀gá ọkọ̀ tí wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀, dé ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá 1776, obìnrin méje ló bá, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ olóṣù mẹ́jọ kan. Àwọn tó lọ wú ilẹ̀ níbẹ̀ láti 2006 rí ilé wọn, tí wọ́n fi òkúta iyùn mọ nítorí ìjì, bẹ́ẹ̀ ibojì òkú ni òkúta wà fún nínú àṣà wọn. Wọ́n rí ìkòkò bàbà tí wọ́n lẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Fún àwa tí a ń gbé létí ọ̀sà Àjàṣẹ́, tí wọ́n ti kó ẹrú tó báyìí gbà kọjá lọ sókun, kò yẹ kí a pe ilẹ̀ yẹn ní ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbé rí.

Ọ̀rọ̀ tó kù kan iṣẹ́ tiyín gan-an. Clipperton, erékùṣù iyùn Faransé mìíràn tó wà níwájú Mẹ́síkò, di ti Faransé nítorí ìwé ìròyìn. Ní oṣù kọkànlá 1858, ọ̀gágun ojú omi kan dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀ nítòsí ibẹ̀, ó kéde pé ti Faransé ni, ó sì jẹ́ kí ìwé ìròyìn kan ní Honolulu tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù kejìlá. Mẹ́síkò ní tòun ni. Ọba Ítálì, Victor Emmanuel Kẹta, tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ bá ní 1909, kò dájọ́ títí di oṣù kìíní 1931. Ó ní níbi tí kò sí èèyàn, ìkéde tí gbogbo ayé lè kà tó. Ohun tí ìwé ìròyìn bá tẹ̀ nípa irú ilẹ̀ báyìí lè di ẹ̀rí lẹ́yìn ọdún 70.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ tún máàpù yẹn tẹ̀, ẹ jẹ́ kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún kìlómítà 100. Ní ìwọ̀n yẹn Tromelin kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà, àmì ojú bírò lásán sì ti fẹ̀ ju ú lọ. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àmì nìyẹn, kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹ fa òbìrí yí i ká ní sẹ̀ǹtímítà 3.7, àmọ́ ẹ gé e lápá Madagásíkà ní bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lé díẹ̀, nítorí pé kìlómítà 450 péré ló wà láàrin wọn. Bassas da India, ẹ fi òrùka tó ṣófo ṣe é, ẹ má kùn ún. Ẹ sì kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń béèrè ibẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ti Faransé nìkan.

Àwa olùkọ́ jọ́gíráfì mélòó kan,
Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)